Ohun Tí Mo Kọ sí Fọ́ọ̀mù Wilda

Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí méjìlá.
Ife kọfí mẹ́ta ti tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
orúkọ nìkan ni mo ṣì kọ:
Wilda Karvonen, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.
Ó fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Dúlúùtù
kó tó wá kanlẹ̀kùn wa, tó ní òun fẹ́ ṣe àlùfáà
fún àwa tí à ń bọ òṣùpá, tí à ń bọ igi,
tí à ń bọ adágún ńlá yìí
tó máa ń dì bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó bá di oṣù kìíní.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò tóbi: yàrá mẹ́ta
lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, ẹ̀rọ amúlémóoru kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó.
A kọ́ ọ ní àjọ̀dún mẹ́jọ inú ọdún,
ewé tó ń mú oorun wá, ewé tó ń pani.
A kọ́ ọ pé kó má fọwọ́ kan ẹni tí kò fún un láyè,
kó má gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún.
Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìka tó dúdú
fún ọ́ìlì tí apá ọṣẹ kò ká mọ́.

Ṣùgbọ́n tí a bá ní kó dúró láàárín agbo
kó fohùn rara pe ìlà oòrùn,
ohùn rẹ̀ á sá wọlé bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé tèmi: Kò tíì tó.

A rán an lọ sí ilé ìwòsàn, ọjọọjọ́ Ẹtì.
Arvid Sundquist ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì,
apẹja, ọmọ ìjọ Luther láti inú oyún wá,
omi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ọkọ̀ tó lu.
Ó wo ìràwọ̀ tó wà lọ́rùn Wilda.
"Ṣé ìwọ ni wọ́n rí rán sí mi?"
"Èmi ni mo wà níbí lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó na ìwé àdúrà ìyá rẹ̀ sí i,
ó ní kó ka ojú ewé tí òkun wà.
Wilda kà á.
Bàbá ní, "Ò ń kà á bí ẹni tó jí i gbé.
Tún un kà. Kà á bíi rédíò
tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe fẹ́ lọ́la."
Ó tún un kà,
bí ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà lójú omi lóòótọ́
àti pé ẹnìkan nínú rẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀.

Bàbá sùn. Wilda jókòó, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀
bó ṣe máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì: ibi tó ti ń kọsẹ̀, ibi tó ti ń gbéra.
Nígbà tó dákẹ́, kò sáré pe nọ́ọ̀sì.
Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí.
Ó fa aṣọ rẹ̀ sápá kan, kí adágún lè rí i.

Fọ́ọ̀mù béèrè: Ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní àṣẹ lóhùn?
Ǹjẹ́ ó di ìgbàgbọ́ tirẹ̀ mú níwájú ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn?

Bàbá tèmi kú ní Fágò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí.
Ó ní òun kò fẹ́ àjẹ́ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì òun,
mo sì gbà, èmi tí mo lè pe ìlà oòrùn
títí ajá àdúgbò á fi gbó.

Mo fi bírò pa Kò tíì tó rẹ́. Ó ṣì hàn.
Mo kọ sábẹ́ rẹ̀: Ẹ jẹ́ kó lọ. Wọ́n ń dúró dè é.
Àpótí mẹ́jọ ṣì ṣófo.
Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń yí táyà kẹ̀kẹ́ lófìfo,
ó dúró, ó tún yí i,
ó ń fetí wá ibi tó ti ń ha.